Ìbòjú inú OBS: ohun tí ojú mi ti rí pẹ̀lú rẹ̀ lóde àríyá

Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, bàbá tó bí bàbá mi sì ṣe òṣómàáló títí tó fi darúgbó. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè kí owó tó jáde. Lórí èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sẹ́ni tó máa lóṣòó tì yín. OBS Studio, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to kámẹ́rà àti àwòrán pọ̀ sórí skríìnì, kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó ti wà láti ọdún 2012, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, lórí Mac àti lórí Linux.

Kì í ṣe gbogbo OBS ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Àwọn tó ń fi í gbé ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì sórí Facebook àti YouTube ní Ilésà yìí pọ̀ ju èyí tí mo lè kà lọ. Ohun kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni mo ní í sọ̀rọ̀ lé: asẹ́ (filter) kékeré kan tó ń jẹ́ Image Mask/Blend, òun ló ń fi ìbòjú sára fídíò. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń fi í jẹun.

Ẹ̀yìn tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ DJ, ni mo máa ń jókòó sí. Láptọ́ọ̀pù kan, kámẹ́rà méjì, wáyà HDMI tí mo ti fi téèpù lẹ̀ mọ́lẹ̀ kí àwọn onígèlè má baà fẹsẹ̀ kọ ọ́. Ohun tí mo bá mú ni gbogbo ilé máa rí lórí skríìnì LED tó wà lẹ́yìn àga ẹni tó ń náwó. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni ká ju àwòrán aláràbarà kan sẹ́yìn, ká wá ki kámẹ́rà sínú àpótí onígun mẹ́rin ní igun kan, bíi pásípọ́ọ̀tù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù. Ẹni tó ń jó á máa jó nínú àpótí, àwòrán ẹ̀yìn á máa yí lọ ní tirẹ̀, bí àlejò méjì tó pàdé nínú ọkọ̀. Ìbòjú ló so wọ́n pọ̀ fún mi.

Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ṣe adìrẹ ẹlẹ́kọ kò nílò àlàyé gígùn. Òṣogbo ni wọ́n bí ìyá mi sí, owó adìrẹ ló sì fi tọ́ wa. Á ro láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, á fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọ́ sára aṣọ funfun, á jẹ́ kó gbẹ, á wá rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní ráyè wọbẹ̀. Ibi tí kò bá sí, aró á mu ún. Tó bá ha ẹ̀kọ náà kúrò, ọnà á yọ. Iṣẹ́ ẹ̀kọ yìí gan-an ni ìbòjú inú OBS ń ṣe. Ẹ máa fún un ní àwòrán kan: ibi tó bá funfun nínú àwòrán yẹn, fídíò yín á hàn níbẹ̀, ibi tó bá dúdú, fídíò á pòórá, ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á wá yọjú. Kámẹ́rà ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni gé òun.

Funfun àti dúdú nìkan kọ́ o. Ọwọ́ àwọ̀ eérú ni agbára wà. Láti 0, tó jẹ́ dúdú kirikiri, títí dé 255, tó jẹ́ funfun báláú, oríṣi eérú 254 ló wà láàárín. Tí ẹ bá fi 128 síbì kan, fídíò á hàn dé ìdajì níbẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń wo ìta láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì léèsì. Mi ò ka eérú yìí sí nǹkan kan títí ọjọ́ tí mo fi iṣẹ́ mi han ìyá mi. Nínú adìrẹ ẹlẹ́kọ, ojú kan ṣoṣo aṣọ ni wọ́n ń kọ ẹ̀kọ sí, aró máa ń gba ẹ̀yìn wọlé díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọnà adìrẹ gidi kì í fi í funfun tán. Búlúù tó ti ṣì ni. Ìyá mi wo skríìnì fóònù mi, ó ní, "Tìẹ yìí funfun jù. Ó mú lójú bí abẹ."

Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Látìgbà náà, mi ò ṣe ìbòjú kankan tí mi ò rọ etí rẹ̀. GIMP, ètò ìyàwòrán kọ̀ǹpútà, ni mo fi ń ṣe é, òun náà ọ̀fẹ́ ni: mo máa ń fi Gaussian Blur tó ogún píksẹ́lì sí i lórí àwòrán 1920 sí 1080. Èèyàn á rò pé ogún ti pọ̀ jù nígbà tó bá ń wò ó lórí láptọ́ọ̀pù. Kó lọ dúró síbi tí àwọn àlejò jókòó sí, á rí i pé ìyàtọ̀ ńlá ni. Ojú skríìnì LED kì í gbọ̀jẹ̀gẹ́ fún etí tó le. Á máa hàn bí àtẹ̀gùn.

Láti dé ibẹ̀, ẹ tẹ kámẹ́rà yín nínú Sources, ìyẹn àkójọ ohun tó ń wọ OBS, pẹ̀lú bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì, ẹ mú Filters, ẹ tẹ àmì ròpọ̀ tó wà lábẹ́ Effect Filters, ẹ mú Image Mask/Blend. Ó máa bi yín léèrè irú tí ẹ fẹ́. Márùn-ún ló wà níbẹ̀, mẹ́ta jẹ́ ọ̀rọ̀ àpòpọ̀ àwọ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná. Méjì tó kù ni ìbòjú gidi, ibẹ̀ ni mo sì ti tẹ́.

Èyí tó ń jẹ́ Color Channel ń wo ìmọ́lẹ̀ àwòrán, bó ṣe funfun tó tàbí bó ṣe dúdú tó. Èyí tó ń jẹ́ Alpha Channel kò bìkítà fún àwọ̀ rárá. Ibi tí PNG, irú fáìlì àwòrán tó lè ní ihò, bá ti lu, tó ṣófo, ni tirẹ̀. Lóde ìgbéyàwó kan, mo ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Àwòrán dúdú òun funfun, tí kò lu níbì kankan, ni mo gbé fún èyí tó ń wá ihò. Kò rí ihò. Ó bá fi gbogbo kámẹ́rà hàn gbangba láti etí dé etí, ó bo orúkọ ọkọ àti ìyàwó tí mo fi alẹ́ méjì ṣe. Bẹ́ẹ̀, àgbàlagbà kan tó ń fi igi ta eyín ni kámẹ́rà mi kejì ń wò lásìkò náà. Gbogbo ilé rí eyín bàbá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ìlẹ̀kùn. MC ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá wa, ẹran yẹn le o, ẹ pẹ̀lẹ́!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo ráyè yí i padà. Kò sí ẹ̀bi OBS níbẹ̀. Èmi ni mi ò dán an wò lálẹ́ Jímọ̀.

Ohun kan tún wà tó máa ń mú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: wọ́n á ṣe ìbòjú wọn ní JPG. JPG ò lè gbé ihò, ìyẹn ni àkọ́kọ́. Èkejì, bí ẹ bá tilẹ̀ fi í sínú Color Channel, ọ̀nà tí JPG gbà ń sún àwòrán kì máa ń fi èérún sílẹ̀ létí ibi tí dúdú ti pàdé funfun. Dúdú yẹn kì í wá dúdú tán mọ́. Lórí skríìnì ńlá, á máa rá bí èèrà. PNG ni kí ẹ lò.

Ibi tí ìbòjú yìí ti sanwó fún mi jù ni ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún ìyá kan níbí ní Ilésà. Adìrẹ ni aṣọ ẹbí wọn. Mo ya fọ́tò aṣọ náà, mo sọ ọ́ di dúdú òun funfun, mo rọ etí rẹ̀, mo fi ṣe ìbòjú fún kámẹ́rà kìíní. Búlúù aró nìkan ni mo fi sísàlẹ̀, kò sí òdòdó, kò sí ìràwọ̀ tó ń tàn yanranyanran. Nígbà tí ìyá jáde pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, inú ọnà aṣọ wọn ni wọ́n ti ń jó lórí skríìnì. Bí gèlè bá mì, ọnà kan á tàn. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ á kún. Àwọn èèyàn dìde pẹ̀lú fóònù, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí àwọn tó ń jó gan-an, wọ́n ń ya skríìnì. Inú mi dùn, ojú sì tún tì mí díẹ̀, torí ìyá àgbà wà níwájú wọn láàyè.

Èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ètò ìpele kó tó lè ṣe irú èyí. Nínú àkójọ Sources, ohun tó wà lókè ló wà níwájú. Ìró lẹ ó kọ́kọ́ ró kí ẹ tó fa ìpèlé lé e. Ẹni tó bá yí i padà, ìpèlé á sọnù sábẹ́ ìró. Èyí tí kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi, tí mo fi ọ̀sẹ̀ kan wá: tí ẹ bá fi ìbòjú sára kámẹ́rà fúnra rẹ̀, gbogbo Scene (ìtò àwòrán kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń gbé jáde) tí kámẹ́rà yẹn bá wà ni ìbòjú á máa tẹ̀ lé e dé. Ẹ máa fẹ́ fi kámẹ́rà lásán hàn nígbà àdúrà, ọnà adìrẹ á ti jókòó sójú pásítọ̀. Ẹ ṣe Scene kan tó jẹ́ pé kámẹ́rà nìkan ló wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi ìbòjú sára Scene náà dípò ara kámẹ́rà. Ẹ wá gbé Scene yẹn wọ inú òmíràn bí ẹni gbé awo wọ inú agbọ̀n. Kámẹ́rà lásán á wà lómìnira.

Ní Ifẹ̀, nítòsí Lágere, bàbá ìyàwó kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tó ku ọ̀la ìgbéyàwó. Ó ní òun fẹ́ kí tọkọtaya máa jó nínú Ọ̀pá Ọ̀ràǹmíyàn.

"Bàbá, ọ̀pá yẹn tín-ín-rín o. Èèyàn méjì ò ní gba inú ẹ̀."

"Ọmọ mi, ṣebí kọ̀ǹpútà ni? Fẹ̀ ẹ́ lójú."

Òkúta tó ga tó mítà márùn-ún ààbọ̀, tí kò fẹ̀ ju òpó lọ! Skríìnì yín fẹ̀ ní mẹ́rìndínlógún sí mẹ́sàn-án. Mo dán an wò lójú rẹ̀: imú ọkọ nìkan ló hàn, pẹ̀lú ìdajì gèlè ẹnì kan. Nínú asẹ́ yìí, ibì kan wà tó ń jẹ́ Stretch Image, tó máa ń na ìbòjú títí yóò fi kún fídíò láìka ìrísí rẹ̀ sí. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìyá ìyàwó tó ń kọjá lọ dúró, ó ní, "Ṣé odó iyán nìyẹn?" Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

Ohun tó yọ wá ni pé mo yí i. Mo mú àwòrán òkúta náà wọ GIMP, mo ṣe Invert, dúdú di funfun, funfun di dúdú. Ọ̀pá wá di ibi tí kámẹ́rà ò ti hàn, gbogbo ìyókù skríìnì di ti àwọn tó ń jó. Nísàlẹ̀, mo fi fọ́tò òkúta gidi sí ibi ihò yẹn. Bí ọkọ bá jó kọjá láàárín, á gba ẹ̀yìn òkúta lọ, á sì yọ lódìkejì. Bàbá wò ó títí, ó ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi gé kéèkì. Ó tún fi nǹkan lé owó mi.

Ìbòjú tó ń rìn lọ́rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Asẹ́ Image Mask/Blend, àwòrán tó dúró sójú kan ló mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí èéfín máa kọjá níwájú ẹni tó ń jó, fídíò tó ní ihò nínú ara rẹ̀ ni ẹ nílò, MP4 H.264 tí gbogbo wa ń pín kiri kò sì lè gbé ihò. Irú fáìlì fídíò méjì kan lè gbé e: WebM tó jẹ́ VP9 àti ProRes 4444. Ìyà tó wà níbẹ̀ ni pé VP9 oníhò kì í gbé iṣẹ́ fún káàdì àwòrán nínú OBS. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń tú u. Mẹ́ta ni mo kó jọ lọ́jọ́ kan, fáànù láptọ́ọ̀pù mi bẹ̀rẹ̀ sí í hu bíi jẹnẹrétọ̀ ìta, fídíò sì ń fò. Mo padà sí ọgbọ́n olówó pọ́ọ́kú: bí èéfín bá wà lórí ilẹ̀ dúdú, ẹ tẹ fídíò náà pẹ̀lú bọ́tìnnì ọ̀tún, ẹ mú Blending Mode, ẹ mú Screen. Gbogbo ohun tó dúdú á lọ, èéfín á kù. MP4 lásán ti tó fún ìyẹn. Ní ti àyípadà láti Scene kan sí òmíràn, Stinger, fídíò kékeré tó ń kọjá nígbà àyípadà, ti ní Track Matte láti OBS 27 tó jáde ní 2021: fídíò dúdú òun funfun kan ló máa pín skríìnì bó ṣe ń ṣí, ìdajì fún Scene tó ń lọ, ìdajì fún èyí tó ń bọ̀. Mo fi ṣe abẹ̀bẹ̀ tó ń ṣí. Ó dára. Mo ti sú àwọn èèyàn pẹ̀lú rẹ̀ báyìí, mo ti dín in kù.

Ilà dúdú tó máa ń yí etí lógò ká ńkọ́? Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣiṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n, ó dà bíi tìróò tí omijé ti fọ̀. Ìtàn rẹ̀ ti pẹ́. Alvy Ray Smith àti Ed Catmull ló dá ọ̀nà alpha, ìyẹn ihò tí mo ti ń sọ látẹ̀yìn wá, sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1970 sí 1979, wọ́n sì mú orúkọ náà láti ara lẹ́tà Gíríìkì tó wà nínú ìṣirò àpòpọ̀ àwòrán méjì. Ní 1984, Thomas Porter àti Tom Duff kọ ìlànà bí wọ́n ṣe ń tẹ́ àwòrán lé ara wọn, wọ́n ní kí wọ́n ti fi alpha ṣe ìlọ́po àwọ̀ sílẹ̀ kó tó dé ibi ìtẹ́. PNG ò gba ti ìlọ́po yẹn. Àwọ̀ rẹ̀ wà ní odidi. Bí ẹ bá gbé àwòrán tí wọ́n ti ṣe ìlọ́po rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tó tún máa ṣe ìlọ́po, etí á ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀mejì. Bí aṣọ tí wọ́n rì sínú aró nígbà tó yẹ kí wọ́n ti sá a ni.

ATEM Mini ti Blackmagic Design, àpótí kékeré tó ń yí láti kámẹ́rà kan sí òmíràn, ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́ka sí èyí, Pre Multiplied Key, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Ẹ̀rọ náà jáde ní 2019 ní dọ́là 295, ó ní ẹnu HDMI mẹ́rin, ó lè gba àwòrán ogún sínú, ó sì mọ ihò PNG. Fún orúkọ àti lógò, bọ́tìnnì kan, ó parí. Kì í sì í dákú nítorí pé láptọ́ọ̀pù dákú. Ṣùgbọ́n ẹyọ upstream keyer (ibi tí wọ́n ti ń gé àwòrán kan lé òmíràn) kan ló ní, HDMI kì í sì í gbé alpha, nítorí náà ìpele tí ẹ lè kó jọ ò pọ̀. Resolume, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ará Netherlands ń ṣe, ni ọ̀gá gbogbo wọn lórí ìpele: ìbòjú tó bá wù yín lórí èyíkéyìí, DXV, irú fáìlì fídíò tirẹ̀, ń gbé ihò, káàdì àwòrán ló sì ń tú u. Owó ni ó ń gbà, ní Euro. Bí ẹ bá lò ó láìsanwó, lógò rẹ̀ á jókòó sórí àwòrán yín, ohùn kan á sì máa sọ̀rọ̀. Ẹ fojú inú wò ó nígbà tí wọ́n ń ki oríkì.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún asẹ́ OBS. Mo yọ ọ̀kan torí pé kò ní ohun ìyàwòrán kankan nínú. Ẹ gbọ́dọ̀ lọ ṣe ìbòjú níbòmíràn kí ẹ tó gbé e wá, ẹ ò sì lè sún un sọ́tùn-ún díẹ̀ nígbà tí ẹ bá rí i pé kò bọ́ sí i. Àfikún kan wà, Advanced Masks, ọ̀fẹ́ ni, tó lè ya róbótó àti ìràwọ̀ tó sì ń rọ etí. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìràwọ̀, kó lọ fi sí i.

Lẹ́yìn ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún yẹn, mo fi fídíò han ìyá mi. Ó wò ó pa. "Ta ló kọ ẹ̀kọ yìí?" Mo ní èmi ni, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ó ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bára mu jù, ọwọ́ èèyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, igun kan nínú fọ́tò aṣọ náà ni mo ṣe, mo wá dà á kọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó béèrè ìyẹ́ adìyẹ. Kò sí aró nílé, ọdún ti pẹ́ tó ti kó ìkòkò aró kúrò, mo bá ra íǹkì dúdú àti káádíbọ́ọ̀dù funfun. Ó ya ọnà adìrẹ tó ń jẹ́ Olókun láti orí rẹ̀, láì wo ibì kankan, ó ń kọrin lábẹ́ imú. Ibi tó yẹ kí ẹ̀kọ wà ni íǹkì wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè lápá òsì, ẹ̀kán íǹkì kan já bọ́ láti orí ìyẹ́. Mo ní màá pa á rẹ́ nínú GIMP. Ó ní, "Kí ló ṣe ọ́? Fi sílẹ̀."

Mo fi sílẹ̀. Ní Sátidé tó kọjá, nílé àríyá kan ní Ifẹ̀, ẹ̀kán yẹn wà lórí skríìnì, ó tóbi tó àwo ìjẹun. Ọmọdékùnrin kan wá dúró síwájú kámẹ́rà, ó ń gbé orí rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ó ń wá bí ojú òun á ṣe bọ́ sẹ́yìn rẹ̀.